Àdúrà Àwọn Oníbàárà Kìtán

Àwọn oníbàárà ń yin oúnjẹ tí Kìtán ń tà lórí ìkànnì tí àwọn èèyàn fi ń wá ilé oúnjẹ, ṣùgbọ́n ìkànnì náà ń yọ ọ̀rọ̀ wọn kúrò. Àlejò tó bá wọ Àkúrẹ́ kò mọ̀ pé ilé oúnjẹ rẹ̀ wà níbẹ̀.

Gbémiga àbúrò rẹ̀ dé láti Oǹdó, ó ka àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n yọ náà nínú fóònù Kìtán, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ‘Ọlọ́run á bù kún yín mà’ ni gbogbo wọn kọ! Àwọn tó ni ìkànnì rò pé ẹnì kan ṣoṣo ló kọ gbogbo rẹ̀. Ta ló sọ ohun tó jẹ?”

Kìtán yíjú sí Ìyá Goodness tó ń jẹun lọ́wọ́. “Mà, ẹ fẹnu gbàdúrà fún mi. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni kí ẹ kọ.”

Ó kọ ọ́ pé ẹja náà dùn, àmọ́ ata rẹ̀ mú òun sunkún.

Èyí kò kúrò. Láìpẹ́, àlejò kan yọjú. “Ṣé ibí lẹ ti ń ta ẹja tó ń pa èèyàn lẹ́kún?”

“Ibí ni o! Ẹ wọlé.”