Ìròyìn Ìdájí ní Ilé Ìyá Ṣàfíù

Nígbà tí àwọn tó ni ilé iṣẹ́ gàrí kan ní Ìlọrà sọ fún Olúdáre, máníjà wọn, pé àwọn yóò kó ilé iṣẹ́ náà lọ sí Fìdítì lóṣù tó ń bọ̀, ìkìlọ̀ kan ni wọ́n fi kún un.

"Bá àwọn òṣìṣẹ́ sọ ọ́ dáadáa. Bí àwọn obìnrin tó ń bẹ ẹ̀gẹ́ bá fi wá sílẹ̀, ìwọ náà máa bá wọn lọ."

Olúdáre ronú fún ọjọ́ mẹ́ta. Láyé rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ti fi pẹ̀lẹ́tù sọ ọ̀rọ̀ tó wúwo fún un: ọdún tí ìyàwó rẹ̀ kú. Àwọn àgbà ìjọ méjì ló wá bá a ní ìdájí. Wọ́n jókòó, wọ́n béèrè àlàáfíà, wọ́n sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n sọ̀rọ̀ sùúrù, kí wọ́n tó rọra gbé ọ̀rọ̀ náà lé e lọ́wọ́ bí ẹni gbé ẹyin. Kò gbàgbé oore yẹn.

Nítorí náà, ní ìdájí ọjọ́ Ajé, ó mú Bàbá Àdìsá tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ àti Alùfáà Mùsílíù dání, wọ́n kọrí sí ilé Fàòsíyà, olórí àwọn tó ń bẹ ẹ̀gẹ́.

Fàòsíyà ń gbálẹ̀. Bó ṣe rí wọn, ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá Ṣàfíù. Ẹ jókòó," ni Olúdáre wí.

"Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan. Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Ṣàfíù ni, àbí?" Ṣàfíù ọmọ rẹ̀ ló ń wa mọ́tò lọ sí Ìbàdàn.

"Ìyá, ohun tí Ọlọ́run bá ti ṣe, sùúrù la fi ń gbà á."

Alùfáà Mùsílíù, tí ẹnikẹ́ni kò sọ ìdí ìrìn náà fún, bẹ̀rẹ̀ àdúà òkú.

Fàòsíyà figbe ta. Àdúgbò kún. Wọ́n tẹ́ ẹní. Aládùúgbò kan pe fóònù Ṣàfíù, kó lè mọ ibi tí òkú wà. Ṣàfíù fúnra rẹ̀ ló gbé e, ó ní òun wà ní gáréèjì, kí wọ́n tètè sọ̀rọ̀, èrò ń wọlé.

"Ilé iṣẹ́ ló ń kó lọ sí Fìdítì," ni Olúdáre wí nígbà tí ariwo lọ sílẹ̀.

"Fìdítì?" Bàbá Àdìsá yíjú sí i. "Fìdítì náà lẹ mú mi jí fún?"

Fàòsíyà nu ojú rẹ̀.

"Ọ̀gá, ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, ìyá."

"Iṣẹ́ wa ńkọ́?"

"Ó wà. Wọn ò ní lé ẹnikẹ́ni."

"Mọ́tò wo ló máa gbé wa? Aago mélòó la ó padà délé?"

Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni Olúdáre fi ọjọ́ mẹ́ta kó jọ; kò ronú kan mọ́tò.

"Ẹ lọ wádìí ẹ̀," ni Fàòsíyà wí. "Tẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ wá sọ ọ́ lójú gbogbo wa nídìí ẹ̀gẹ́, lọ́sàn-án gangan. Ẹ má sì mú alùfáà dání."

Lọ́jọ́ Ọjọ́rú, Olúdáre dúró láàárín èèpo ẹ̀gẹ́. Ó ní mọ́tò ilé iṣẹ́ yóò máa gbé wọn lẹ́nu ọjà ní aago méje, yóò sì dá wọn padà ní aago mẹ́rin. Ó ní òun kò tíì mọ̀ bóyá omi kànga tí wọ́n máa fi fọ ẹ̀gẹ́ níbẹ̀ dára. Rachel, ọ̀kan nínú wọn tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ, ní òun kò lè lọ. Àwọn méjìdínlógún yòókù ní àwọn ń lọ.

"Ṣé ó tán?" ni Fàòsíyà béèrè.

"Ó tán, ìyá."

Wọ́n tún mú ọ̀bẹ wọn.