Bí Wọ́n Ṣe Túfọ̀ Jamaldeen

Àárọ̀ Ọjọ́rú ni wọ́n pe Lateef láti ìlú kékeré kan ní Japan pé Jamaldeen, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ti kú: ọkọ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí yìnyín, ó já sódò. Inú bọ́ọ̀sì tó ń wà ní Blanchardstown, ní Dublin, ló jókòó sí. Akọ̀wé ìlú náà rọra bi í ní Gẹ̀ẹ́sì pé kí ni kí àwọn ṣe sí òkú náà. Ẹnu ọmọlúàbí ni Lateef fi dáhùn. Ó ní, "Ẹ ṣeun. Bí ẹ ṣe ń ṣe tọmọ yín ni kí ẹ bá wa ṣe tiẹ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ fún ìyá rẹ̀, màá pè yín lọ́jọ́ Jímọ̀."

Ní gbogbo Dublin, kò sí ẹni tó mọ ìlú yẹn tó Sìkírátù, ìyá Jamaldeen. Ọdún mẹ́ta tí ọmọ fi ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá kó má ròyìn rẹ̀. Òkè yí i ká, òkun jìnnà sí i. Kòkòrò tó ń ran òwú sẹ́dà ni wọ́n ń sìn nígbà kan, ilé iṣẹ́ méje ló wà létí odò. Ìgbà tí ọjà kú, àwọn ọ̀dọ́ kó lọ sí Tokyo, reluwé náà ò wá mọ́. Iléèwé tó ń gba ẹgbẹ̀ta ọmọ tẹ́lẹ̀ ku mọ́kànlá. Arúgbó ló pọ̀ jù níbẹ̀, wọ́n sì fẹ́ràn Jamaldeen débi pé wọ́n ń gbin ata rodo fún un.

Wọn kì í túfọ̀ ọmọ fún ìyá lórí fóònù, ẹnì kan kì í sì í dá a ṣe. Alfa Gafar, tó ń ṣáájú àwọn Mùsùlùmí Yorùbá ní Dublin, ní kó di ẹ̀yìn ìrun Jímọ̀, kí àwọn àgbà méjì tí wọ́n jọ máa lọ lè ráyè kúrò níbi iṣẹ́. Ó ní, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Ọgbọ́n àgbà rèé o! Lọ́jọ́bọ̀, Sìkírátù pe Lateef pé Jamal ò gbé fóònù.

"Network ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, àwọn mẹ́rin wọ ilé Sìkírátù ní Ballymun. Ó wo fìlà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà tí Alfa sọ̀rọ̀ tán, Sìkírátù ò ké.

"Ìgbà wo?"

"Ọjọ́rú ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ọjọ́rú, Lateef?" Ó dìde, ó ṣí press, kọ́bọ́ọ̀dù ìdáná, ó mú ìwé pélébé kan tí nọ́ńbà fóònù wà lára rẹ̀ jáde. "Jamal ló fún mi. Ó ní ìlú yẹn ò nílẹ̀ ìsìnkú, sísun ni wọ́n ń sun òkú wọn. Ó ní, Mummy, bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ pe àwọn Mùsùlùmí Tokyo yìí lọ́jọ́ náà, wọ́n á wá gbé mi lọ sin."

Lateef sáré pe akọ̀wé. Akọ̀wé náà ní àná ni àwọn ti ṣe é tán, bí àwọn ṣe ń ṣe tọmọ àwọn. Gbogbo ìlú ló jáde, àwọn arúgbó sunkún. Ó bèèrè ibi tí àwọn máa fi ìkòkò eérú rẹ̀ ránṣẹ́ sí.

Lateef dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Alfa gbé ọwọ́ sókè láti ṣàdúà.

Sìkírátù ní, "Alfa, ẹ dúró ná. Ẹ̀yin lẹ máa ń wẹ òkú fún wa ní Dublin. Tí ìkòkò yẹn bá dé, kí lẹ fẹ́ wẹ̀ níbẹ̀?"