Níbo Ni Ká Kọ Ibojì Bàbá Sí?

1.

…bẹ́ẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, ibi tó yẹ kó wà gan-an ló wà: ẹ̀gbẹ́ igi ọsàn, lẹ́yìn ilé.

IBOJÌ BÀBÁ

Nígbà tí mo tẹ pláànù náà jáde sórí ìwé, ọ̀rọ̀ yẹn ti wọ kíṣìnnì.


2.

Ameenat ni mí. Èmi ni mò ń ya pláànù ilé ní ọ́fíìsì wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ ya èyí. Bùrọ̀dá Waris ló yà á, kó tó ríṣẹ́ lọ sí Abẹ́òkúta.

Ilé àwọn Ṣíjúadé ni, ní Ibefun. Ilé alámọ̀ tó wà níbẹ̀ ti wó pátápátá. Bùrọ̀dá Ernest Ṣíjúadé, àkọ́bí wọn, fẹ́ kọ́ tuntun sójú ilẹ̀ náà.


3. LÓRÍ FÓÒNÙ MI, LÁTỌ̀DỌ̀ BÙRỌ̀DÁ ERNEST

Ameenat, àwọn bíríkìlà ti dé. Susannah àbúrò mi rí ìwé tó o tẹ̀ fún wa. Ó ti tẹ́ ẹní síbi tí wọ́n fẹ́ gbẹ́, ó jókòó lé e. Ó ní ẹnikẹ́ni ò ní dáná lórí bàbá òun. Kí lo kọ sínú kíṣìnnì mi?


4. OHUN TÍ MO DÁN WÒ

Mo lo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mìíràn. Kíṣìnnì.

Mo pààrọ̀ irú lẹ́tà tí wọ́n fi kọ ọ́. Kíṣìnnì.

Mo wọ́ ọ̀rọ̀ náà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọsàn, mo tún wọ́ ọ padà. Kíṣìnnì.

Mo pa kọ̀ǹpútà. Mo mu gàrí. Mo tún un tàn.

Kíṣìnnì.


5.

Kí n má purọ́: inú mi ń dùn. Bùrọ̀dá Ernest ń bínú, obìnrin kan jókòó sínú oòrùn, ohun tí èmi sì fẹ́ mọ̀ ni ohun tó ń gbé ọ̀rọ̀ rìn.


6.

Ìwọ̀n ni.

Ìwọ̀n méjì la fi ń wo pláànù kan náà: ìwọ̀n ńlá tí mo fi ń ṣiṣẹ́ lójú kọ̀ǹpútà, àti ìwọ̀n kékeré tí ilé àti ọgbà á fi lè gbà sórí ìwé kan. Ọ̀rọ̀ tí a bá kọ sórí rẹ̀ lè ní àyè tirẹ̀ lọ́tọ̀ nínú ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Bó o bá sún un níhìn-ín, kò ní sún lọ́hùn-ún.

ńlá:  ọsàn IBOJÌ BÀBÁ . . . . . . . kíṣìnnì

kékeré:  ọsàn . . . . . . . IBOJÌ BÀBÁ kíṣìnnì

Àṣẹ kan wà lórí kọ̀ǹpútà tó ń kó gbogbo wọn padà sójú kan. Ìka mi ti fẹ́ tẹ̀ ẹ́.

Àmọ́ YÀRÁ kò kúrò láyè rẹ̀. KÀNGA kò kúrò. Ọ̀rọ̀ kan yìí nìkan ni.

Ẹnìkan ló fọwọ́ ara rẹ̀ sún un.


7. MO PE ABẸ́ÒKÚTA

ÈMI: Ẹ káàárọ̀, Bùrọ̀dá Waris. Pláànù Ibefun ni. Ibojì ti sún.

WARIS: Kò sún. Èmi ni mo fi síbẹ̀.

ÈMI: Síbo nínú méjèèjì?

WARIS: Méjèèjì.

Ó wá ṣàlàyé. Nígbà tó kọ́kọ́ lọ wọn ilẹ̀ náà, Bùrọ̀dá Ernest mú un lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọsàn, ó ní ibẹ̀ ni wọ́n sin bàbá sí. Nígbà tó padà lọ, Àǹtí Susannah nìkan ló bá nílé, ìyẹn náà sì mú un lọ síbòmíràn, níbi tó ti ya kíṣìnnì sí. Kò sẹ́ni tó ṣiyèméjì nínú wọn. Ó ní òun ń rò ó pé òun á bi ọ̀gá wa ni iṣẹ́ tuntun fi dé.

ÈMI: Kí ló dé tẹ́ ò yan ọ̀kan?

WARIS: Ta ni kí n pè lópùrọ́?


8.

Mo gbé kọ̀ǹpútà, mo wọkọ̀ lọ sí Ibefun.

Àwọn bíríkìlà wà lábẹ́ ibòòji. Àǹtí Susannah wà lórí ẹní. Mo sọ ohun tí mo rí fún tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, mo sì bi wọ́n ta ló fojú rí i nígbà tí wọ́n ń sin bàbá.

Bùrọ̀dá Ernest ní Jos lòun ti ń kàwé nígbà náà. Kóun tó délé, wọ́n ti sin ín. Ẹnu ọ̀nà ni ìyá wọn dúró sí, tó ń sunkún, tó nawọ́ sí ọ̀ọ́kán.

Àǹtí Susannah ní òun wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹ̀yìn ni wọ́n pọ̀n ọ́n sí. Ohun tó rántí ni gèlè ẹni tó pọ̀n ọ́n, àti ìró ṣọ́bìrì.

Wọn ò fi sìmẹ́ńtì sí i. Òjò ti tẹ́ ilẹ̀ náà pẹrẹsẹ. Ìyá wọn náà ti lọ.

"Mo rò pé o rí i ni," ni Bùrọ̀dá Ernest sọ.

"Èmi náà rò pé ẹ̀yin lẹ rí i."

Ó dìde lórí ẹní, ó sì ká a.


9.

Mo gbé kọ̀ǹpútà lé orí búlọ́ọ̀kù. Mo sún kíṣìnnì lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Mo fa ìlà yí ibi méjèèjì ká:

– – – – – – – – – – – –

Ẹ MÁ GBẸ́ IBÍ

IBOJÌ BÀBÁ

– – – – – – – – – – – –

Àárín ni mo kọ ọ̀rọ̀ náà sí, níbi tẹ́nikẹ́ni ò nawọ́ sí, mo wá tẹ àṣẹ yẹn. Ní ìwọ̀n ńlá, àárín. Ní ìwọ̀n kékeré, àárín.

Kò sẹ́ni tó bá mi jà.


10.

Àǹtí Susannah gba kọ̀ǹpútà lé itan. Ó wò ó títí.

"Ameenat, apá ibo wá ni orí bàbá wà?"

Mo wo Bùrọ̀dá Ernest. Òun náà ń wò mí.