Nígbà Tí Ojú Dírágónì Là

Bàbá mi ni dírágónì. Mi ò fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà o, iṣẹ́ wọn ni. Ní gbọ̀ngàn eré wa, inú orí àti ọrùn ẹranko ńlá náà ni wọ́n máa ń dojú bolẹ̀ sí láti ìbẹ̀rẹ̀ eré dé ìparí, tí wọ́n á máa fi ọwọ́ darí rẹ̀, tí wọ́n á máa fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ tó ń tú èéfín jáde nímú rẹ̀. Èmi ni mo rán awọ ara rẹ̀, ìpẹ́ kan lẹ́yìn ìkejì. Òfin kan ṣoṣo ni bàbá mi kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ṣeré: òǹwòran kankan kò gbọdọ̀ rí ènìyàn tó wà nínú dírágónì. Wọ́n ní ọjọ́ tí ọmọdé bá rí arúgbó tó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì nínú rẹ̀, ọjọ́ náà ni dírágónì kú, kò sì sí ẹni tí yóò jí i.

Ìtàn dírágónì kì í tán lẹ́nu wọn. Wọ́n á ní ní ilẹ̀ kan, kò níyẹ̀ẹ́, ìsàlẹ̀ odò ló ń gbé, òun ni wọ́n ń bẹ kí òjò lè rọ̀. Ní ilẹ̀ mìíràn, ó ká sórí wúrà nínú ihò àpáta, kò ná an, kò jẹ́ kí ẹlòmíràn ná an, bíi ti Ọ̀gá wa. Èyí tó ní orí púpọ̀ wà: bẹ́ ọ̀kan, méjì á hù. Òmíràn ń gbé òṣùpá mì, gbogbo ìlú á sì máa lu ìkòkò kí ó lè pọ̀ ọ́ jáde. “Àwọn tí wọn ò pàdé ara wọn rí,” bàbá mi á wí, “ta ló sọ ọ̀rọ̀ ẹranko yìí fún gbogbo wọn?” Ẹni tó ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ kò ráyè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Ti òjò ni bàbá mi fẹ́ràn jù. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá ní ikú ni èrò ń wá wò, nítorí náà èyí tó ń gbé ará ìlú mì, tí akọni wá gún pa, ni a ń ṣe ṣáá.

Lọ́sẹ̀ yẹn, ikọ́ kan mú bàbá mi, kò fẹ́ fi wọ́n sílẹ̀. Mo bá wọn nídìí dírágónì kí eré ọ̀sán tó bẹ̀rẹ̀.

“Bàbá, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì wọ̀ ọ́ lónìí.”

“Ta lẹlòmíì? Ṣé o rí ẹni tó mọ̀ ọ́n kú bíi tèmi ni?”

“Èéfín yẹn ò dáa fún àyà yín. Ẹ̀mí yín ni mò ń sọ.”

“Ìyá mi, jọ̀ọ́, lọ rán bọ́tìnì rẹ.”

Bí wọ́n bá fẹ́ kí n panu mọ́ ni wọ́n máa ń pè mí ní ìyá wọn. Wọ́n kọ etí ikún sí mi, wọ́n sì wọlé sínú ọrùn náà.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ ojú rẹ̀, nítorí ojú lọ̀rọ̀ wà. Rọ́bà ló ń fa ìpéǹpéjú dírágónì sókè. Okùn méjì, ọ̀kan ní ọwọ́ kọ̀ọ̀kan, ni bàbá mi fi ń fà á wálẹ̀. Bí dírágónì bá ń kú, wọ́n á pa ojú òsì dé, wọ́n á sinmi díẹ̀, wọ́n á pa ti ọ̀tún dé, wọ́n á sì di okùn mú títí aṣọ ìkélé yóò fi bolẹ̀. Ìyẹn ni pé ẹni tó wà láàyè ló ń mú kí ojú dírágónì tó kú wà ní pípadé.

Ọmọdé kún gbọ̀ngàn lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé, Ọ̀gá dúró tì mí, ọwọ́ rẹ̀ wà lára okùn aṣọ ìkélé. Arẹwà ló ń ṣe akọni. Dígí ló bá wa fún un lórúkọ yẹn, torí òun àti dígí kì í yara wọn. Ó gún dírágónì lọ́rùn, níbi tí a ti ki tìmùtìmù sí. Èéfín rọlẹ̀. Ojú òsì pa dé, lẹ́yìn náà ti ọ̀tún. Mo mí kanlẹ̀. Arẹwà gbé ẹsẹ̀ lé ọrùn òkú, ó kẹ̀yìn sí i, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìṣẹ́gun rẹ̀ tí kì í tán bọ̀rọ̀.

Ojú dírágónì là, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

“Kò tíì kú o!” làwọn ọmọ ń pariwo, ẹ̀rín gba gbogbo gbọ̀ngàn. Arẹwà yíjú, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Bàbá mi ti máa ń bá a ṣe irú eré yẹn: bó bá kẹ̀yìn, wọ́n á la ojú, á tún gún wọn, wọ́n á tún kú. Ṣùgbọ́n ojú kan ni wọ́n máa ń là, ti òsì.

“Ọ̀gá, ẹ sọ aṣọ kalẹ̀.”

“Kí ló dé?”

“Bàbá mi ti jọ̀wọ́ okùn. Méjèèjì.”

“Baba ń ṣe àwàdà ni. Ṣé o ò gbọ́ ẹ̀rín ni? Ẹ̀rín yẹn gan-an ni mo ń wá.”

“Wọn kì í la méjèèjì pọ̀.”

“Ẹni tó bá gun ìtàgé kí aṣọ tó wálẹ̀, kó gba ibẹ̀ lọ sílé ẹ̀. O mọ̀ bẹ́ẹ̀.”

Òfin tirẹ̀ kọ́ ló so mí lẹ́sẹ̀. Ti bàbá mi ni. Bó bá jẹ́ àwàdà lóòótọ́, tí mo sì tú wọn síta lójú àwọn ọmọ wọ̀nyí, wọn kò ní dárí jì mí láyé. Ẹ̀rù bà mí. Mo tẹjú mọ́ ihò imú ẹranko náà, mò ń bẹ èéfín, bó ti wù kó kéré mọ. Kò sí. Arẹwà sì ti fi ọwọ́ méjèèjì gbé idà sókè, àtàrí dírágónì ló ń wò. Igi ni idà náà, ṣùgbọ́n igi líle ni, abẹ́ ibẹ̀ gan-an sì ni orí bàbá mi wà.

Mo sáré. Omijé ti dí mi lójú, àmọ́ bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Mo ti Arẹwà, ó fi ìdí jókòó. Mo fa sísọ́ọ̀sì yọ lápò, mo ki í bọ abẹ́ àgbọ̀n dírágónì, mo gé ojú rírán tí mo fi ọwọ́ ara mi rán. Ẹ̀rín dá. Ooru bì lù mí. Mo wá èjìká, mo rí i, mo fà. Nígbà tí Arẹwà rí apá ènìyàn, ó ju idà nù, ó bá mi fà, mi ò sì ní sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa mọ́.

Bàbá mi jáde, síńgílẹ́ẹ̀tì wọn tutù rinrin, ètè wọn ti dúdú. Mo gbá wọn lẹ́yìn. Mo tún gbá wọn. Wọ́n hú ikọ́ kan.

Ìgbà yẹn ni mo tó rántí àwọn òǹwòran. Gbogbo wọn ló ń wò. Bàbá mi náà mọ̀. Mo rí bí ọwọ́ wọn ti ń gbìyànjú láti bo ojú, tí kò lè débẹ̀. Ìtìjú yẹn dùn mí ju ikọ́ wọn lọ.

Ọmọbìnrin kékeré kan, lórí itan ìyá rẹ̀ níwájú, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Mọ́mì, ó ti gbé bàbá yẹn mì tẹ́lẹ̀.”

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ni ìyá rẹ̀ dáhùn, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. “Àǹtí yẹn ti yọ wọ́n.”

Ọ̀rọ̀ náà ń lọ láti ìjókòó dé ìjókòó. Bàbá mi gbọ́ ọ. Wọ́n ya ẹnu, ohùn fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí, wọ́n ní, “Inú ẹ̀ gbóná.” Àtẹ́wọ́ bú gbàmù, Ọ̀gá sì wá sọ aṣọ kalẹ̀.

Nínú ọkọ̀ ilé ìwòsàn, wọ́n ti ki nǹkan bọ̀ wọ́n nímú kí wọ́n lè mí. Ojú wọn tún ti pa dé. Nọ́ọ̀sì ní kí n máa bá wọn sọ̀rọ̀, kí n má dákẹ́. Mo di ọwọ́ wọn méjèèjì mú.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lajú.”

Ó pẹ́. Ìka ọwọ́ òsì wọn rọ̀ nínú tèmi, bí ẹni tó rọra jọ̀wọ́ okùn. Ojú òsì là. Wọ́n sinmi díẹ̀. Ti ọ̀tún náà là.

“Ẹ káàbọ̀, Bàbá,” ni mo wí.