Oòrùn Durban Ò Mọ Mosele

Ẹ gbọ́... ẹ̀yin tí ẹ na ara yín sórí iyanrìn bí ẹran tí wọ́n sá sóòrùn, ẹ̀yin ni mò ń bá wí. Ẹ ká ẹsẹ̀ kò, ẹ lajú. Ìwọ bọ̀dá tí ikùn ẹ rí bí àpò àgbàdo yẹn, gbé fìlà kúrò lójú. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àsùnhanrun. Fóònù Mosele ò lọ. Mo tún pè é láàárọ̀, kò lọ. Ẹ̀yin wá ń hanrun.

Kò sẹ́ni tó yíjú. Báwo ni wọ́n á ṣe yíjú? Inú mi ni mo ti ń pariwo. Ẹnu mi pa dé pátápátá, ó sì dáa bẹ́ẹ̀. Tí mo bá là á, wọ́n á ní orí Mosotho ará orí òkè tó wé kúbùsù létí òkun yìí ti dàrú. Wọ́n ti ń wò mí tẹ́lẹ̀.

Kí ni wọ́n ń wò? Ẹni tó bá wù ú kó bọ́ ṣòkòtò, èmi ò ní bọ́ kúbùsù mi. Ìgbà òtútù la wà. Ìgbà òtútù ni, bí oòrùn yìí tiẹ̀ ń parọ́ mọ́ wa. Àwọn ará Durban fúnra wọn ń dé fìlà onírun, wọ́n ń gbọ̀n... òtútù wọn ò lè pa eṣinṣin. Kí wọ́n wá sí òkè wa ní Mokhotlong. Kí wọ́n wá wo ibi tí omi ti ń di òkúta nínú korobá, ibi tí ọkùnrin á jáde lóru lọ tọ̀, tí ìtọ̀ ọ̀hún á — ẹ má jẹ̀ẹ́ n sọ ọ́. Àwọn ọmọdé wà létí omi.

Ó yẹ kínú mi dùn. Gbogbo èèyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó gbọ́ bí àyà mi ṣe ń hó ní kí n sá kúrò lórí òkè títí yìnyín á fi yọ́, kí n lọ síbi tí ilẹ̀ ti móoru. Àǹtí Mpolokeng, àbúrò bàbá mi tó ń gbé níbí, ní kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Látìgbà tí mo ti dé, kò jẹ́ kí n gbé korobá omi. Ẹ wo ti òní nìkan: mo jí, mo jẹun, mo tún sùn. Mo jí, mo rìn gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀ wá síbí, mo ra búrẹ́dì tí wọ́n gbẹ́ inú ẹ̀, tí wọ́n rọ ọbẹ̀ ẹ̀wà oníkọ́rì kún un, mo jẹ ẹ́ tán, mo lá ọwọ́. Ọba wo ló ń jayé jù báyìí lọ? Àyà mi ò hó mọ́. Òkun nìkan ló ń hó... ó ń wá, ó ń padà, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn tí wọn ò ṣí fún un.

Bíi fóònù mi. Ó ń pè, kò lọ. Ó ń pè...

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Yìnyín ti bo òpó orí òkè, ọdọọdún ló máa ń bò ó. Ṣùgbọ́n tí yìnyín bá bo òpó, báwo ni ìyá mi ṣe rí mi pè lánàá? Ohùn ẹ̀ mọ́ kedere, mo ń gbọ́ àkùkọ lẹ́yìn ẹ̀. Ó dáa, fóònù Mosele ló bàjẹ́. Ó ti já sómi. Ewúrẹ́ ti jẹ ẹ́. Ewúrẹ́ ilé wọn ò mọ oúnjẹ yàtọ̀ sí ẹrù èèyàn, ó jẹ fìlà koríko mi rí, etí fìlà ló ṣẹ́ kù lọ́wọ́ mi, Mosele sì rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ẹ̀rín yẹn...

Àárò ilé ló ń sọ mí. Ẹ má dá mi lóhùn. Àárò èéfín ìgbẹ́ màlúù gbígbẹ tá a fi ń dáná ń sọ mí, èéfín tó fẹ́ẹ̀ pa mí. Ta ni àárò ohun tó fẹ́ pa á ń sọ? Èmi ni. Àárò pápá ń sọ mí, tí gbogbo ẹ̀ bá funfun, tí àgùntàn dúró bí òkúta, tí òkúta dúró bí àgùntàn, téèyàn ò mọ èyí tó máa lé wọlé. Àti òun, lẹ́yìn àpáta níbi tí atẹ́gùn ò dé. Èèyàn méjì, kúbùsù kan. Kò sẹ́ni tó mọ̀ sí i. Ìyá mi gan-an ò mọ̀. Mosele ló ní ká fi bò títí màá fi ní màlúù owó orí tó ṣeé kó wá fún bàbá òun. Ìrọ̀lẹ́ tí mo máa lọ, ó fa etí mi, ó ní, "Seabata, lọ wá àlàáfíà àyà ẹ. Yìnyín á yọ́, wàá bá mi níbí."

Mosele kì í parọ́. Bàbá ẹ̀ ńkọ́? Bàbá tó jẹ́ pé tó bá lálàá màlúù, á máa rẹ́rìn-ín lójú oorun... 

Ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ìyá mi. Kí ni ìyá mi sọ lánàá? Ó ní àgùntàn mi ń bẹ láàyè. Ó ní Tlali, ọ̀rẹ́ mi tí mo fi wọ́n síkàáwọ́ ẹ̀, ń tọ́jú wọn dáadáa, àti pé Tlali ti gbéyàwó. Tlali. Mo rẹ́rìn-ín débi pé Àǹtí yọjú láti ilé ìdáná. Mo ní obìnrin wo ló di ojú tó di etí, tó gbà láti sùn ti ẹni tó ń hanrun tí ajá ń dá a lóhùn? Ìyá mi ní kí n fi ọkọ ọlọ́kọ sílẹ̀. Ó ní Ìyá Katleho ni wọ́n ń pe ìyàwó, pé ọmọ jẹ́jẹ́ ni, pé nínú yìnyín yẹn ló ru igi ìdáná wá fún òun láàárọ̀ náà.

Mi ò béèrè pé ọmọ ta ni. Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín. Bó sì ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ wa nìyẹn: ọjọ́ tí ìyàwó bá wọlé, wọ́n á fi orúkọ ọmọ tí kò tíì bí pè é. Ọmọ tí ò sí ti lórúkọ, ìyá tó wà ti sọ tiẹ̀ nù. Kò sẹ́ni tó tún ń fi ti ilé bàbá ẹ̀ pè é. Katleho... orúkọ gidi. Ọmọ ọ̀hún náà á hanrun.

Ó ku nǹkan kan tó sọ. Kó tó dágbére... ó ní Ìyá Katleho kí mi. Ìyàwó ọ̀rẹ́ ẹni á kí ni. Ó ní — ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́ — "Ó ní kó o má fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn o, pé ibẹ̀ ni ikọ́ ẹ ti ń jí."

Ẹ̀gbẹ́ òsì.

Dúró ná. Nọ́ọ̀sì ò mọ ìyẹn. Ìyá mi ò mọ̀ ọ́n. Tlali tá a jọ ń sùn nínú ahéré darandaran ò lè mọ̀ ọ́n, òun ló ń hanrun. Ẹnì kan ló gbé etí lé àyà mi lẹ́yìn àpáta, tó ní kí n yí sápá ọ̀tún. Mo yí. Ikọ́ dákẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo.

Ó lè jẹ́ pé Mosele pàdé ìyàwó Tlali lódò ni, kó ní kó bá òun... Seabata, sinmi irọ́.

Ewúrẹ́ ò jẹ fóònù kankan.

Mosele sì wà níbẹ̀ lánàá. Òun ló ru igi wá. Ìyá mi kì í gbé fóònù sétí, ó máa ń gbé e kalẹ̀ kó máa pariwo bíi rédíò ni. Ó wà níbẹ̀, ó gbọ́ mi. Obìnrin wo ló di ojú tó di etí — ó gbọ́ ọ. Ó gbọ́ ẹ̀rín mi. Kò bínú... ó wá ọ̀rọ̀ kan tí ẹlòmíràn ò ní mọ ìdí ẹ̀, ó fi sẹ́nu ìyá mi, ó fi dágbére fún mi. Èmi sì ní kí wọ́n bá mi kí i. Bí èèyàn ṣe ń kí ìyàwó ọ̀rẹ́ ẹ̀.

Látàárọ̀ ni mo ti ń bẹ oòrùn ilé pé kó yára yọ́ yìnyín yẹn. Kó má yọ́ ọ mọ́. Kó jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, kó bo ọ̀nà.

Ẹnì kan ń fi ìka gún mi léjìká. Bàbá arúgbó kan ni, ará Íńdíà ìlú yìí, ó gbé ọ̀pá ìpẹja dání. Ó wo ojú mi tó rin fún omijé, ó wo ibi tí mo jókòó sí.

"Dìde ńlẹ̀ jàre, ọmọ yìí. Orí ìjẹ ẹja mi lo fìdí lé."