Ìyẹ́ Méjì Tó Ṣẹ́kù

Ìyẹ́ labalábá onígi méjì tó ṣẹ́kù lórí tábìlì kò bára wọn mu. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin yí wọn síwá, ó yí wọn sẹ́yìn, ó wá wò mí bíi pé èmi ni mo gbẹ́ wọn.

"Tí àwọn tó kẹ́yìn ò bá bára mu," mo ní, "a jẹ́ pé a ti ṣi àwọn kan lẹ̀ mọ́ra."

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, mo ti mọ̀yẹn. Èwo ni?"

Nílé iṣẹ́ ọ̀gá tó ń kọ́ ẹ̀gbọ́n mi níṣẹ́ igi gbígbẹ́, tí wọ́n bá fẹ́ gbẹ́ labalábá, wọn á la pákó kan sí méjì bí ẹni ṣí ìwé. Ìyẹ́ ọ̀tún á ti ara ìdajì kan jáde, tòsì á ti ara ìkejì, kí ìlà inú igi lè dojú kọra. Ọ̀gá ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni fi pẹ́ńsùlù sàmì sí i. Ẹ̀gbọ́n mi to tirẹ̀ ní méjì-méjì sóòrùn. Òjò ṣú, màmá wa sáré kó gbogbo wọn dà sínú abọ́ kan. Oore ló pè é.

Ọ̀sán yìí ni ọ̀gá ń bọ̀ wá wò wọ́n. Tí wọ́n bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ẹ̀gbọ́n mi á ní bẹ́ńṣì tirẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á padà sídìí sáńpépà, kó máa bá àwọn ẹlòmíì dán iṣẹ́ wọn.

"Gúlúù ti ń gbẹ o," màmá wa sọ lẹ́nu ọ̀nà. Kò jẹ́ wọlé.

Mo rẹ aṣọ sómi, mo fi nu ìyẹ́ méjèèjì. Ìlà wọn yọ. Ọ̀kan ní kókó dúdú tín-ín-ní létí, èkejì mọ́ lóló.

"Labalábá tó ní kókó lápá kan ṣoṣo la ń wá!"

A bẹ̀rẹ̀ sí í nu àwọn tá a ti lẹ̀ pọ̀. Kò sí. Kò sí.

"Àǹtí, ẹ rọra, kì í ṣe imú ọmọ lẹ ń nù."

"Panu mọ́, nu tìẹ."

Lójijì, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Èyí tó fẹ́ràn jù ni, tó gbé síwájú kí ọ̀gá lè kọ́kọ́ rí i. Kókó ti yọ lápá òsì.

"Tì í sẹ́yìn," màmá wa ní.

"Ọ̀gá máa rí i." Ẹ̀gbọ́n mi ki ọ̀bẹ bọ oríkèé rẹ̀.

Ìta dún. "Ẹ kú ilé o!"

Ọ̀gá ti wọlé kí n tó lè dáhùn. "Kí lò ń fọ́ yẹn?"

"Ẹ káàsán, sà," ẹ̀gbọ́n mi dáhùn. "Ìyẹ́ rẹ̀ ò bára mu. Èmi ni mo ṣì í lẹ̀."

Màmá wa wolẹ̀.

Ọ̀gá fa àga, ó jókòó. "Fọ́ ọ, ká wò ó."

Mo dijú. Nǹkan dún ká! Nígbà tí mo lajú, ìyẹ́ méjèèjì ti pínyà, etí ọ̀kan sì ti ya díẹ̀, bí èékánná. Ọ̀gá mú olókókó méjèèjì, ó gbé wọn síbi ìmọ́lẹ̀. Kókó dojú kọ kókó.

"Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni kó o gbé bẹ́ńṣì rẹ sí," ó ní nígbẹ̀yìn. "Ibi tó o ń jókòó sí ṣókùnkùn jù. Èyí tó ya, tún òmíràn gbẹ́."

Màmá wa wá wọlé. "Ṣé kí n bá yín kó wọn sínú abọ́?"

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jọ pariwo: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi wọ́n síbẹ̀!"