Ibi tí Omi Bọ́ílà Ń Gbà Lọ

Láti àárọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn ni Ọmọ́ládé kò ti lè jókòó sójú kan. Bó bá dé kíṣìnnì, á wo ojú aago kékeré tó ń fi pressure omi hàn lábẹ́ bọ́ílà tó ń mú ilé gbóná. Bó bá padà sí pálọ̀, á tún dìde lọ wò ó. Ọwọ́ aago náà ti tún wálẹ̀ sí òdo. Ó fi omi kún bọ́ílà náà ní ìjẹta, ó tún fi kún un lánàá. Gbogbo ilé tutù bí inú fìríìjì. Jésùfẹ́mi, ọmọ oṣù mẹ́ta, ń sùn pẹ̀lú fìlà onírun lórí bí ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò.

Ta ló ń mu omi náà? Ọmọ́ládé ti dá ẹjọ́ yẹn tipẹ́, kò sì pe ẹlẹ́rìí kankan. Ìyá ọkọ rẹ̀ ni. Ṣebí ìgbà tí ìyá dé láti Abẹ́òkúta láti wá bá wọn tọ́jú ọmọ ni wàhálà bọ́ílà bẹ̀rẹ̀? Aládùúrà paraku ni ìyá. Kò lè wọ sùtánà rẹ̀ gbàdúrà ìdájí láì kọ́kọ́ wẹ̀, omi gbígbóná ló sì fi ń wẹ̀, nítorí òtútù ìlú òyìnbó yìí kò mojú àgbà. Ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ń wọ bàtà wọlé ni Ọmọ́ládé ń lọ ní tirẹ̀, kò sì rí ìdí tí èèyàn fi gbọ́dọ̀ wẹ̀ kó tó bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀.

Ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà bálùwẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, omi gbígbóná yìí kì í ṣe free o. Ẹ̀yin lẹ ń pa bọ́ílà wa."

Ìyá ní, "Má bínú, ìyàwó mi."

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún gbọ́ ìró omi ní bálùwẹ̀ ní ìdájí. Síbẹ̀, bọ́ílà kò yé kú. Ẹlòmíràn ì bá ti bi ara rẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀. Ọmọ́ládé tiwa ní ìyá ń yọ́ wẹ̀ ni, ó sì kó ẹjọ́ náà bá Olúyọmí ọkọ rẹ̀: kó wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀. Olúyọmí kò fẹ́ràn ariwo. Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Fọlájìmí, ní Thamesmead pé kó wá gbé ìyá lọ sọ́dọ̀ tirẹ̀. Ọ̀sán òní ni Fọlájìmí ń bọ̀. Báàgì ìyá méjèèjì ti wà nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn.

Ohun tí Ọmọ́ládé fẹ́ nìyẹn. Kí ló wá dé tí ara rẹ̀ kò balẹ̀? Ó kàn mú fóònù, ó pe Abdulafeez tó máa ń tún bọ́ílà ṣe ní apá Heathway.

"Di Monday kí n tó ráyè o, sister," ni Abdulafeez wí. "Ṣé rédíétọ̀ kankan ń jò? Ceiling ńkọ́?"

"Kò sí. Mọ́mì wa ló ń wẹ̀ jù."

Abdulafeez rẹ́rìn-ín. "Ìwẹ̀ kò kan pressure, sister. Omi tí wọ́n ń wẹ̀, láti páìpù main níta ló ti ń wá, ó kàn ń gba inú bọ́ílà kọjá ni. Èyí tó ń yí ká nínú rédíétọ̀ láti mú yàrá gbóná ló ń lọ yẹn. Kí Mọ́mì máa wẹ̀ nígbà mẹ́wàá lójúmọ́, kò lè fà á."

"Ibo ló wá ń gbà lọ?" ni Ọmọ́ládé bi í.

"Ẹ jáde síta, ẹ wo ara ògiri lẹ́yìn bọ́ílà. Ẹ máa rí páìpù kọ́pà kékeré kan tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ padà sọ́dọ̀ ògiri. Kì í ṣe plastic funfun yẹn o, omi lè máa kán lẹ́nu ìyẹn, kò sí problem. Kọ́pà yẹn ló gbọ́dọ̀ gbẹ. Ẹ so nylon mọ́ ọn lẹ́nu, kẹ́ ẹ tan heating. Tí omi bá wọnú nylon, a ti mú olè nìyẹn."

Ó fi omi kún bọ́ílà, ó tàn án, ó mú nylon àti rọ́bà, ó gba ẹ̀gbẹ́ ilé tí wọ́n ń kó ike ìdọ̀tí sí. Ariwo ọkọ̀ ńláńlá ń bọ̀ láti orí títì A13. Ó wo ilẹ̀, ilẹ̀ gbẹ táútáú. Inú rẹ̀ dùn, kí n má parọ́. Bí ibẹ̀ bá gbẹ, òun ṣì lè jàre.

Ó wá ti ike ìdọ̀tí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó lè rí ẹnu páìpù náà dáadáa. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀dà àtijọ́ kan ló wà lábẹ́ rẹ̀. Omi ti dé ìdajì rẹ̀, ó pọ́n bíi tíì tí kò ní mílíìkì, páìpù sì ń kán sínú rẹ̀ láìdúró. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Lórí bíríkì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni kànrìnkànrìn ìyá wà, àti ọṣẹ dúdú nínú ike bọ́tà.

Gbogbo rẹ̀ yé e lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí tí ilẹ̀ fi gbẹ nìyí, ìdí tí ẹnikẹ́ni kò fi rí i pé páìpù ń jò. Ojú tì í débi pé ó bojú wẹ̀yìn, bóyá ẹnì kan ń wo òun.

Ìyá wà ní pálọ̀, ó gbé Jésùfẹ́mi lé itan. Olúyọmí wà lójú fèrèsé, ó ń retí ọkọ̀.

"Mọ́mì, bọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà níta..."

Ìyá sọ orí kodò bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi olè. "Má bínú. Mo rí i pé ó ń ṣòfò ni, ó sì gbóná díẹ̀. N kò fọwọ́ kan tiyín láti ọjọ́ tí o ti sọ̀rọ̀."

"Ẹ fi ń wẹ̀?"

"Mo fi ń nu ara ni. N kò lè fi ara àná wọ sùtánà."

Ọmọ́ládé kúnlẹ̀, ẹkún gbọ̀n ọ́n. Orí ìkúnlẹ̀ náà ló wà tí Fọlájìmí fi wọlé.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé wọn lọ," ló wí. "Èmi ni mo parọ́ mọ́ wọn. Bọ́ílà ló ń jò, wọn ò ṣe nǹkan kan. Mo sọ wọ́n di ẹni tó ń fi omi ìdọ̀tí wẹ̀."

Fọlájìmí wo àbúrò rẹ̀. Olúyọmí wo kápẹ́ẹ̀tì.

Ìyá fa Ọmọ́ládé dìde, ó sì gbé ọmọ lé e lọ́wọ́. "Mo ti dárí jì ọ́, tinútinú ni. Ṣùgbọ́n n óò lọ."

"Nítorí omi náà ni, Mọ́mì?"

"Omi kọ́. Tí mo bá fẹ́ ṣílẹ̀kùn nínú ilé yìí, mo ní láti kọ́kọ́ tẹ́tí sílẹ̀ bóyá ẹsẹ̀ rẹ ń bọ̀. Ó ti rẹ̀ mí, ọmọ mi."

"Ẹ ó padà wá?"

"Jẹ́ kí n lọ sinmi ná."

Fọlájìmí gbé àwọn báàgì náà jáde. Ọmọ́ládé dúró sẹ́nu ọ̀nà títí ọkọ̀ fi yí kọ́nà. Ìgbà yẹn ni Jésùfẹ́mi bú sẹ́kún. Ó rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, ó kọrin fún un, ó gbé e sí èjìká, ó gbé e sí itan bí ìyá ṣe máa ń gbé e. Ọmọ náà kò dákẹ́.